Láti Moniya dé Leeds: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Èmi àti Ọmọ Mi

Ọjọ́rú, Ìbàdàn

Ìyá ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá. Físà tèmi àti ti ọmọ wa ọkùnrin ti wá jáde báyìí, èmi nìkan ni n ó sì gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wọ bàálù láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo pinnu láti máa kọ ohun tí ojú wa bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló wà lẹ́nu irú ìrìn yìí lásìkò tí a wà yìí, síbẹ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń rí gbà kì í ju pé kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì fún ọmọ ní oògùn tí yóò mú un sùn.

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ó ju ẹnì kan lọ tó ti gbà mí níyànjú pé kí n fi ṣíbí kan oògùn olómi, irú èyí tí a ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, fún ọmọ kí a tó wọ bàálù, nítorí pé ó máa ń kun ènìyàn lóorun. Ìfẹ́ ló sún wọn sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Promethazine ló wà nínú ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n dárúkọ, láti ọdún 2004 sì ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára rẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí ó lè dín mímí ọmọ kù títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í kùn lóorun rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ni ara wọn kì í balẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti mu ún. Ìyá ọmọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó sunkún tó bá fẹ́ sunkún. Ohùn rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ yóò fi mọ̀ pé ó ń mí dáadáa.” Kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba oògùn lẹ́yìn èyí.

Orí itan mi ni ọmọ yóò jókòó sí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í san owó gidi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbàlagbà ni wọ́n gbà lórí rẹ̀ pẹ̀lú owó orí, ṣùgbọ́n kò ní ìjókòó tirẹ̀. Ibùsùn kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ara ògiri iwájú fún àwọn ìkókó, àmọ́ ìwúwo tí ó lè gbé kò tó ti ọmọ tèmi, tí ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ìyá mi ti mú sanra.

Ìyá mi ló di ẹrù ọmọ fúnra rẹ̀: ìlédìí tó pọ̀ ju èyí tí mo rò pé a óò lò lọ, aṣọ ìpààrọ̀ fún ọmọ àti ẹ̀wù kan fún èmi náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, ife olómi tó ní ìfàmu, àti fíláàsì ògì. Lẹ́yìn náà ó tú ìró tó wà nídìí rẹ̀, èyí tó fi ń pọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ó ní kí n má fọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, Moniya sí Agége

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Moniya, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Láti ọdún 2021 ni ọ̀nà náà ti ń gbé èrò, kìlómítà 157 sì ni gígùn rẹ̀. Mo yàn án dípò mọ́tò nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò ti dá ènìyàn dúró láàárín Ìbàdàn àti Èkó, ọmọ tí a bá sì ti fi ooru àti ìjókòó gbọọrọ dá lágara lónìí kò ní ní sùúrù kankan tó kù fún bàálù lọ́la. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń na ìka sí màlúù àti igi títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. A sọ̀ kalẹ̀ ní Agége lálàáfíà.

Ohun tó dé bá wa ní alẹ́ ni mo fẹ́ kọ dáadáa. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹjà ni a sùn, ọmọ náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pe “Màmá”. Àwọn ará ilé ń sọ pé, “Ó ń pe ìyá rẹ̀! Ó ti mọ̀ pé òun fẹ́ lọ bá a!” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi, tó dágbére fún un ní Moniya láàárọ̀, ló ń pè. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń sùn sí. Gbogbo wa ló ń yọ̀ pé ọmọ fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà mọ̀ ni pé wọ́n ti gba ìyá lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún ń gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé e títí ó fi sùn, mo sì mọ̀ lọ́kàn ara mi pé ẹkún tí yóò sun lọ́la yóò ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ kí bàálù tó gbéra rárá.

Ẹtì, pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà

Bàálù alẹ́ ni tiwa, ó sì yẹ kó gbéra nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé bàálù alẹ́ ló dára jù fún ọmọdé nítorí pé wọn yóò sùn. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé àsìkò tí ọmọ máa ń sùn nílé, láàárín aago méje sí mẹ́jọ, bọ́ sí àsìkò tí ènìyàn ṣì wà lórí ìlà ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, tí iná funfun ń tàn síni lójú, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì dákẹ́. Oorun kun ọmọ mi lórí ìlà, kò rí ibi sùn ún sí, oorun náà sì kọjá. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ó ní kí n gbé òun, ó ní kí n sọ òun kalẹ̀. Ó jù búrẹ́dì nù, ó sì ń sunkún nítorí búrẹ́dì tó jù nù. Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ níwájú wa wẹ̀yìn, ó sọ fún àwọn tó kù pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ kọjá,” ìlà náà sì là fún wa títí dé iwájú. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún obìnrin náà.

Wọ́n bi mí léèrè ìwé ìyọ̀ǹda ìyá ọmọ, mo sì mú un jáde pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀. Bàbá tó bá ń dá gbé ọmọ rìn gbọ́dọ̀ fi ìwé wọ̀nyí sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tètè tó wọn, nítorí pé ọwọ́ kejì kò ní ráyè. Níbi àyẹ̀wò ẹrù, wọ́n ṣí fíláàsì ògì wò, wọ́n sì dá a padà. Òfin pé ohun olómi kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ kì í mú oúnjẹ àti omi tí ọmọdé yóò lò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dára kí ènìyàn sọ fún wọn kí wọ́n tó bá a nínú àpò.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó gbé ọmọ dání pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé, n kò lọ. Mo mọ̀ pé àǹfààní ni wọ́n fi ṣe fún wa, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá sì pọ̀ lè gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti wọlé títí bàálù yóò fi gbéra, ó lè tó wákàtí kan, orí itan ni ọmọ yóò sì ti lo wákàtí náà láìsí ibì kan tí yóò rìn sí. Mo jẹ́ kó sáré yí àwọn ìjókòó gbọ̀ngàn ká títí ìlà fi kúrú, a sì wọlé mọ́ àwọn tó kẹ́yìn.

Òru Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta, nínú bàálù

Ibi bẹ́líìtì ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù mú bẹ́líìtì kékeré kan wá tí wọ́n ń fi kọ́ tèmi, ó ní kí n tú ọ̀já tí mo fi gbá ọmọ mọ́ àyà, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi aṣọ so ọmọ mọ́ ara nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Òfin ààbò ni, mo sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà na gbogbo ara rẹ̀ gan-an bí igi, ó fi orí gbá mi ní àyà, ó sì lọgun. Mo gbé ife ìfàmu sí i lẹ́nu bí ẹ̀rọ bàálù ti ń ké, ó mu díẹ̀, ó sì ń sunkún lórí omi náà. A gòkè.

Gígòkè kì í fi bẹ́ẹ̀ dun etí, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú etí máa ń rí ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ṣàlàyé èyí fún mi tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò dá etí lẹ́bi. Oorun ni. Nígbà tí wọ́n pa iná, ó sùn sí mi lápá, mo sì rò pé ó parí. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ dé, tí wọ́n tan iná padà, tí wọ́n sì ń kéde nǹkan. Ó jí, ó wò mí lójú, ó wo òkùnkùn àti ojú àwọn àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe “Màmá” bí ó ti pè é ní Ìkẹjà. Ẹkún yìí yàtọ̀ sí ti ìbínú. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkún tí ọmọ fi ń béèrè nǹkan àti èyí tí ó fi ń wá ènìyàn.

Mo gbìyànjú gbogbo ohun tó wà nínú àpò. Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù, ó gbá a dànù. Mo ń ki í ní oríkì rẹ̀ sétí bí ìyá mi ti máa ń ki í láàárọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹkún náà pọ̀ sí i, bóyá nítorí pé ohùn tó mọ̀ mọ́ oríkì náà kọ́ ni ó gbọ́. Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè bá ọmọ yín wí ni?” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá rẹ̀ àgbà ló ń wá, kò tíì yé e pé a ti fi wọ́n sílẹ̀ nílé.” Kò tún sọ nǹkan kan. N kò bínú sí i, nítorí pé òun náà sanwó kó lè sùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn tó ń rò bíi tirẹ̀ mọ̀ pé kò sí ìbáwí tó lè kọ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù díẹ̀ bí a ṣe ń pa ìbànújẹ́ mọ́ra. Ojú àwọn ènìyàn ló ń mú kí òbí máa gbọn ọmọ, kó máa pa á lẹ́nu mọ́, kó máa yára ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo èyí ni ọmọ sì máa ń mọ̀ lára ẹni tó gbé e.

Màmá àgbàlagbà kan lódìkejì ọ̀nà àárín ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti ń wò wá láti ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá ọmọ, ta ló máa ń pọ̀n ọ́n nílé?” Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní, “Ẹ dìde, ẹ pọ̀n ọ́n.” Mo mú ìró ìyá mi jáde, mo lọ sí ẹ̀yìn bàálù ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná wọn, màmá náà sì tẹ̀ lé mi, wọ́n bá mi gbé e sẹ́yìn, wọ́n sì so ìró náà dáadáa. Òṣìṣẹ́ bàálù ní kò burú, bí mo bá ti lè padà síjòókòó, kí n sì tú u sílẹ̀, nígbà tí àmì bẹ́líìtì bá tàn. Ọmọ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi léjìká. Ó fa etí ìró náà sí imú. Ó mí kanlẹ̀, ó tún mí kanlẹ̀, ó sì sùn.

Máàpù tó wà lára ògiri fi hàn pé a ti kọjá Agadez. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mò ń sún díẹ̀díẹ̀, títí a fi la aṣálẹ̀ Sahara kọjá tí orúkọ Algiers fi hàn lókè àwòrán náà. Àmì bẹ́líìtì tàn, mo padà jókòó, mo rọra yí i sí àyà, kò sì jí. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, ju ti ọyẹ́ lọ, imú rẹ̀ sì ti ń dí. Mo kán omi oníyọ̀ tí ìyá rẹ̀ ní kí n rà sí i nímú.

Ẹkún tó le jù lọ ni ti ìsọ̀kalẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí àwọn òbí múra sílẹ̀ dè jù. Bí bàálù bá wà lókè, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ dà bí ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta awọ etí á máa le sí i, á sì máa ti awọ náà wọnú. Ọ̀nà tín-ínrín kan ló so ẹ̀yìn awọ etí pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun, ó sì máa ń ṣí nígbà tí a bá gbé nǹkan mì tàbí tí a bá yán. Ti ọmọdé há, ó sì dùbúlẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Bí kèlẹ̀bẹ̀ bá tún dí i, kì í tètè ṣí. Ọmọ tó bá ń sùn kì í gbé itọ́ mì bí ẹni tó jí. Ìdí nìyí tí mo fi jí i nígbà tí awakọ̀ kéde pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí a tó balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dun mí láti jí i. Ṣáájú ìgbà náà ni mo ti fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, ìwọ̀n tí ìyá rẹ̀ ṣírò gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀ tí ó sì kọ sí ara ìgò. Ó fa omi díẹ̀díẹ̀, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ó di etí ọ̀tún mú, ó sì figbe ta. Mo ń fún un lómi, ó ń tú u jáde, mo tún ń fún un. Gbogbo ara èmi náà lomi. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀ ni ẹkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Àbámẹ́ta, Lọ́ńdọ̀nù àti Leeds

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a jáde. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú wọn ní àsìkò òtútù yìí. Màmá tó bá mi so ìró náà gbàdúrà fún wa níbi ìlà ìwé ìrìnnà, a sì pínyà.

Ìyá rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ó ti wo fídíò wa lójoojúmọ́, ọmọ náà sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i ní ìdúró báyìí, ó fi ojú pamọ́ sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àpò tí mo fi fóònù sí, nítorí pé ibẹ̀ ló mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ kò já a gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù wa láàárín èrò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi máa ń kí i lórí fóònù, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross lọ sí Leeds, tó gbà wá ní wákàtí méjì àti díẹ̀, ó ń wò ó láti orí itan mi. Kí a tó dé Doncaster, ó ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó sọ̀, orí itan rẹ̀ ló wà.

Àìkú, Leeds

Ó jí ní aago mẹ́rin, ó sì ké títí ilẹ̀ fi mọ́. A pe ìyá mi lórí fóònù ní ọ̀sán. Mo ti bẹ̀rù pé rírí wọn yóò tún dá ọgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹkún náà ó jẹun, kò sì tíì jẹun gidi láti Ẹtì. A ti fẹnu kò pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a ó máa pè wọ́n lójoojúmọ́, kó lè mọ̀ pé wọn kò sọnù.

Ajé, Leeds

Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò fi iná wo etí ọ̀tún rẹ̀. Ó ní awọ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ nítorí ọ̀fìnkìn àti ìsọ̀kalẹ̀ bàálù, kò sí ọyún, yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Bí ibà bá dé, kí a padà wá.

Lẹ́yìn tí a délé ni mo fi iṣẹ́ ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ yóò gbé ọmọ wọn wá bá a ní Birmingham kí ọdún tó parí. Mo ní bí owó bá lè tó o, kó ra ìjókòó fún ọmọ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan mú un. Kí ó wá bàálù ọ̀sán, kí àsìkò oorun ọmọ má baà bọ́ sí orí ìlà. Kí wọ́n má gba oògùn oorun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí imú ọmọ bá dí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà kí wọ́n tó wọ bàálù. Mo sì ní kí ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ẹni tí ọmọ náà máa ń sùn sí lẹ́yìn báyìí, kí onítọ̀hún bá wọn dé pápákọ̀, kí ó dágbére fún ọmọ lójú ara rẹ̀, kí wọ́n má ṣe yọ́ gbé e lọ nígbà tó bá ń sùn. Ó ti dáhùn pé ìyá ìyàwó òun ni, àti pé ìyá náà ti gbà láti bá wọn wá sí Èkó.